Ẹgba Àárọ̀ Sátidé

Houston, 1986.

Dádì ti fa bẹ́líìtì yọ.

"Hajarat! O ṣì fẹ́ lọ sí kíláàsì yẹn? Màá pa ọ́ lónìí!"

Gbà!

Mo figbe ta. "Dádì, ẹ ṣàánú mi! Mi ò lọ mọ́!"

Gbà! Gbà!

Àwọn ọmọ gáńgì tó ń ṣọ́ géètì apartment wa ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀. Àwọn ni wọ́n fi igi ṣẹ́ Dèjì òkè lápá lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí ó lọ sí kíláàsì ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń múra ọmọ àdúgbò sílẹ̀ fún yunifásítì; wọ́n fẹ́ kí gbogbo wa wọ gáńgì wọn dípò rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn pariwo: "Bàbá ẹ̀ ń bá wa ṣiṣẹ́!"

Dádì tún gbé bẹ́líìtì sókè. Mo ké títí ohùn mi fi há.

Mọ́mì kúrò lójú fèrèsé ẹ̀yìn. "Ó ti fo fẹ́ǹsì. Ó ti lọ sí kíláàsì."

Dádì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń nà látàárọ̀. Èmi Fàúsátù, àbúrò Hajarat, mu omi. Ohùn wa jọra.

Ìgbà yẹn la gbọ́ ìyá Dèjì lókè.

"Dèjì! Pẹ̀lú apá kan yẹn náà? Màá pa ọ́ lónìí!"

Gbà!

Kò pẹ́, gbogbo apartment ló ń na ọmọ tí kò sí nílé.