Ẹ̀gbẹ́ Ihò Keje

Adégbìtẹ́ kò tíì lo oṣù mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá pápá gọ́ọ̀fù tó wà lẹ́yìn àdúgbò Baṣọ̀run tí páìpù idẹ mẹ́rìnlá fi dàwátì nínú sítọ́ọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1984 ni, koríko ti ń pọ́n. Àwọn aláṣẹ kílọ́ọ̀bù sọ fún un pé bí páìpù náà ò bá jáde kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, kó máa padà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ń rìn káàkiri pápá bí ẹni tí ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò rẹ̀.

Láwùmí, obìnrin tó ń tu èpò, ló ta á lólobó.

"Ọ̀gá, ẹ máa wo Bàbá Mùsílímátù o. Kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ ìgékoríko dé ẹ̀gbẹ́ ihò keje."

Sùlàímọ́nù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, olórí àwọn tó ń gé koríko. Kò sẹ́ni tó pẹ́ tó o níbẹ̀. Adégbìtẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Òótọ́ ni. Bí ẹ̀rọ bá ti sún mọ́ ihò keje tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí, bàbá náà á ní kí wọ́n pa á. Á bọ́ bàtà, á kúnlẹ̀, á fi ọ̀bẹ gé ibì kan tí kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ. Gbogbo pápá ń gbẹ, ó ń bu omi síbẹ̀. Kódà, bó bá ń lọ kírun Jímọ̀, ó máa ń yà débẹ̀ ná.

Ní Ọjọ́bọ̀, Adégbìtẹ́ kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ síbẹ̀.

"Ibí la máa gbẹ́ kòtò iyanrìn tuntun fáwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù sí."

Sùlàímọ́nù ṣí fìlà rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Mo lè gbẹ́ mẹ́ta fún yín níbòmíràn."

"Kí ló wà níbí, Bàbá?"

"Kò sí nǹkan kílọ́ọ̀bù níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Bàbá náà gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹni tó mú un dání. "Tó bá ti di dandan, èmi ni n ó gbẹ́ ẹ."

Ó rọra ń gbẹ́ ẹ. Adégbìtẹ́ dúró létí kòtò, ó ti ń to ohun tó máa sọ fún ọlọ́pàá lọ́kàn. Nígbà tí kòtò mu bàbá dé àyà, ó ju ṣọ́bìrì sókè, ó ń fi ọwọ́ wa erùpẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dúró. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Adégbìtẹ́ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. "Ẹ gbé e síta, kí gbogbo ayé rí i!"

"Ọ̀gá, ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀ yẹn," ni Sùlàímọ́nù wí, "kí kílọ́ọ̀bù tó gba ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ wa, yàrá ìyá mi ni ibẹ̀, inú rẹ̀ náà la sì sin ìyá mi sí."