Òkìtì Ẹ̀bá Kànga

Wolé-wolé fa ìgò rẹ̀ sókè láti inú kànga, ó gbé e símú. Omi náà ṣì ń rùn.

"Ìyá Ràfátù, láti ìgbà tí mo ti ṣí kànga yìí padà ni mo ti ń da oògùn sí i. Ṣáláńgá yín jìnnà. Kí ló tún ń bà á jẹ́?"

Ìyá àgbà náà ń ṣa ewé kúrò lórí òkìtì kékeré kan lẹ́bàá kànga.

"Kí lẹ rì síbẹ̀ yẹn?"

"Làmídì ni, ọmọ ọmọ mi."

"Ẹ sin òkú sẹ́bàá kànga? Gbogbo ilẹ̀ Lálúpọn ò gbà á ni?"

"Ó gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru dá a dùbúlẹ̀, omi ló ń bèèrè ṣáá. Kí n tó ti odò dé, ó ti dákẹ́. Mo wá tẹ́ ẹ síbi tí òùngbẹ ò ti ní gbẹ ẹ́ mọ́."

"Odò kẹ̀? Kànga ńkọ́?"

Ìyá àgbà ò gbójú sókè. "Àgádágodo yín wà lẹ́nu ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀gá."

Wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra da omi inú ìgò náà sórí òkìtì. Ilẹ̀ fà á mu kíá, bí ẹni pé ó ti ń retí ẹ̀.