Ẹ̀rọ Malick Tó Wà ní Paris

Aránṣọ kan ki wáyà ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tuntun rẹ̀ bọ iná, ó ń payín keke débi tí adìẹ gbogbo àdúgbò Koko fi ń sá. Ó ti pẹ́ tó ti ń háyà àyè ìpamọ́ lórí ẹ̀rọ Malick, ará yàrá kejì, fún àwòrán iṣẹ́ rẹ̀. Malick wá lọ ta àwọn àwòrán náà fún orogún iṣẹ́ rẹ̀.

Aránṣọ pariwo: "Tèmi rèé! Mi ò háyà mọ́!"

Malick fèsì: "Tàǹtí, Paris ni tèmi wà!"

Aránṣọ tan tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà bú bí ogójì ọkọ̀ oníṣu tó ń ti Mamini bọ̀, iná agbo ilé sì kú.

Malick figbe ta: "Yéè! Ẹ̀rọ mi ti kú lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì!"

"Ṣé iná Paris náà lọ ni?"

Aránṣọ rìn lọ sídìí mítà tí gbogbo wọn jọ ń lò, ó tan iná. Bí Malick ṣe ń dúpẹ́, aránṣọ tún pa á.