Ohùn Ìsàlẹ̀

Àǹtí lu agogo kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó dijú, ó sì ń fi orin sọ fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi pé kí wọ́n rọra máa mí. Níbi tó ti kọ́ eré ìfọ̀kànbalẹ̀, wọ́n ní bí ohùn olùkọ́ bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni ọkàn ọmọdé á ṣe balẹ̀ tó. Ó fa ohùn wálẹ̀.

Ni àwọn ọmọ bá dìde. Èjìká ń gbọ̀n, ìdí ń gbọ̀n.

“Ọkàn wọn á balẹ̀ láìpẹ́,” ló sọ fún ara rẹ̀. Ó tún fa ohùn wálẹ̀ sí i. Àga ṣubú. Ẹnì kan di kọ́bọ́ọ̀dù mú, ó ń mì í jìgìjìgì.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé ti kìlọ̀ pé tí ariwo bá tún ti yàrá yìí jáde, eré náà ti tán nìyẹn. Bàtà ọ̀gá sì ti ń dún kò-kò-kò bọ̀ lọ́nà.

Sùúrù Àǹtí tán. Ó figbe ta: “Mo ní ẹ mí! Ẹ MÍ!”

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n jókòó, wọ́n fa èémí sínú, wọ́n rọra tú u jáde.

“Ṣé mí lẹ ń wí, Àǹtí?” ni ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà bi í. “Mì lẹ ń kọ lórin látàárọ̀.”

Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn. “Ibí mà pa rọ́rọ́! Ta ló wá ń pariwo?”

Gbogbo ọmọ ń mí. Àǹtí nìkan ló ń mì.