Fìlà Orí Iyọ̀

Ọjọ́ tí ìròyìn dé ilẹ̀ Wàgádù pé òùngbẹ ti pa oníyọ̀ ní aṣálẹ̀, opó rẹ̀ gbé iyọ̀ tó kù lọ sí etídò. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ máa ń gbé e sí, kí oníwúrà tí kò fojú kàn rí lè wá gbé wúrà tì í láti fi rà á. Ó fi fìlà olóògbé lé e, kí onítọ̀hún lè mọ̀ pé oníyọ̀ ti kú.

Lówùúrọ̀, wúrà wà fún iyọ̀, wúrà wà fún fìlà. Ó kó ti iyọ̀ nìkan.

Lọ́jọ́ kejì, wúrà fìlà ti di ìlọ́po méjì.

“Ìyàwó wa, ó rò pé kò tó ẹ ni!” Àbúrò ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. “Gbà á jàre!”

“Ẹ fi sílẹ̀.”

Lọ́jọ́ kẹta, fìlà ti lọ, wúrà ti lọ. Fìlà gbígbó mìíràn ló wà níbẹ̀, òógùn oníwúrà ṣì ń rùn lára rẹ̀.

Opó gbé e relé, ó fi í kọ́ ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń fi tirẹ̀ kọ́.