Ojú Anicet Lára Páànù

Èrò ti kún àgbàlá Fúnláyọ̀ ní Ifangni.

Páànù tó fi ìṣó lu ihò sí lára ni wọ́n wá wò.

Méjì ló gbé kọ́, ọ̀kan níwájú èkejì. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba inú àwọn ihò náà kọjá.

Bí o bá ń rìn lọ níwájú wọn, ojú ọmọkùnrin kan á yọ, á máa yíjú tẹ̀lé ọ.

Bí o bá dúró, á pòórá.

Anicet ni, ẹ̀gbọ́n Fúnláyọ̀. Iná epo bẹntiróò ló jó o mọ́lé lọ́dún tó kọjá.

Ògúntádé, bàbá wọn, kò dúró rárá. Ó ń lọ, ó ń bọ̀.

"Anicet, ṣé o ti jẹun?"

Obìnrin kan tó wá láti Porto-Novo ń nu omijé. "Vraiment, lóòótọ́, Àǹtí, ẹ ti dá a padà fún bàbá."

Fúnláyọ̀ bu omi lọ fún bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jókòó díẹ̀. Ẹsẹ̀ yín ti wú."

"Fi mí sílẹ̀. Ọmọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Èmi náà ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá kò wò ó. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni kò ti wo ojú rẹ̀ mọ́.

Fúnláyọ̀ gbé omi náà padà wọlé.

Iná yẹn kò dá fọ́tò Anicet ẹyọ kan sí.

Dígí ni Fúnláyọ̀ ń wò nígbà tó ń lu páànù.

Irun rẹ̀ nìkan ló gé kúrò nínú àwòrán náà.

Ojú tirẹ̀ ni bàbá ń kí.