Ẹ̀pà Inú Ọbẹ̀ Àgùntàn

Àlọ́ mi sáré títí, ilé Ẹṣin ló já sí. Ewúrẹ́ ni ìyáálé, Àgùntàn ni ìyàwó. Ijó Àgùntàn ni ọkọ wọn fẹ́ràn, Ewúrẹ́ sì ń jowú.

Ó mọ̀ pé ẹ̀pà a máa mú orúnkún Àgùntàn wú. Ló bá lọ ẹ̀pà kúnná, ó dà á sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, Àgùntàn ò lè dìde. Ẹṣin gbé e sẹ́yìn lọ sóko, ó ń kọrin:

Ta ni orúnkún ń dùn?
*Rọra o, rọra.*
Ẹ̀yìn mi ni kó máa gùn.
*Rọra o, rọra.*

Ewúrẹ́ ru agbọ̀n àwọn méjèèjì tẹ̀lé wọn.

Kí orúnkún tirẹ̀ náà lè wú, ó jẹ odidi igbá ẹ̀pà kan kó tó sùn. Ilẹ̀ mọ́, orúnkún le koko.

Ẹṣin ní, “Ewúrẹ́, ìwọ tí ara rẹ le, agbọ̀n ń dúró dè ọ́.”